Ta Ni Ó Ni Èrò Inú Wa?

Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ dàbí ohun tí ó hàn sí tọmọdé tàgbà. Ìbéèrè náà ni pé: ta ni ó ni èrò tí ó wà nínú ọkàn ènìyàn? Bí a bá bi àgbẹ̀ kan pé ta ni ó ni oko tí ó ń ro, yóò nawọ́ sí ààlà fún wa. Bí a bá bi obìnrin kan pé ta ni ó ni aṣọ ọrùn rẹ̀, yóò sọ fún wa bóyá òun rà á ni tàbí òun yá a. Ṣùgbọ́n bí a bá bi olùkọ́ kan ní àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò pé, ‘Èrò tí o fẹ́ fi ìka tẹ̀ yìí, ta ni ó ni ín?’ yóò wò wá bí ẹni pé orí wa kò pé. ‘Èmi ni mo ni ín,’ ni yóò wí, ‘ta ni ìbá tún ni ín?’ Ó tọ́, ó sì yẹ, kí a fi ara balẹ̀ yẹ ìdáhùn yìí wò, pàápàá jùlọ àwa tí a ń jẹun nídìí ìkọ́ni.

Ohun tí ó tún jí ìbéèrè náà sí mi nínú ni ohun tí mo rí ní ìlú Monrovia, olú-ìlú Liberia, ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ọ̀rọ̀ ìdánwò ni ó gbé mi dé ibẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1974 ni Liberia ti wà pẹ̀lú wa nínú Àjọ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ ní Òpópónà Benson, ní àárín gbùngbùn ìlú náà. Orúkọ òpópónà yìí ń ránni létí Stephen Allen Benson, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ kejì fún orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 1856 títí di 1864. Mo bá àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń mu tíì kíkan tí ó ní ṣúgà púpọ̀ nínú ife kékeré. Ataye ni wọ́n ń pe tíì náà. Irú ibùjókòó bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Monrovia, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti ń tú ọ̀rọ̀ ìlú palẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tiwa ti ń ṣe ní ìdí ayò àti ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀.

Àkókò náà gbóná. Wọ́n ti dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, kò sì sí ẹni tí ó dé ìdajì. George Weah, tí ó wà lórí oyè nígbà náà, ní 43.83 nínú ọgọ́rùn-ún. Joseph Boakai ní 43.44. Wọ́n ní láti tún un dì ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn tí mo bá níbẹ̀ gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó sì ka ìròyìn kan jáde nípa ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ sí àpótí ìbò ní ìlú kan tí ó jìnnà. Lójú ẹsẹ̀, àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan sọ pé irọ́ gbuu ni. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó gbà á ni àwọn tí ó ti fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti dé ìlú náà rí.

Bàbá àgbàlagbà kan tí kò tí ì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti jókòó wá gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, ‘Ta ni ó sọ ọ́?’

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, ‘Bàbá, ó wà nínú fóònù.’

Bàbá ní, ‘Fóònù kò ní ẹnu. Mo ní, ta ni ó sọ ọ́?’

Ọmọ náà wá orúkọ kiri nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i. Ohun tí ó rí kò ju àmì kan tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọwọ́ òun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n tó mu tíì mi tán, mo rí i pé méjì nínú àwọn tí ó rẹ́rìn-ín náà ti gba ìròyìn yìí sórí fóònù tiwọn, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ilé.

Kí a tó di gbogbo ẹ̀bi ru fóònù, ó yẹ kí a rántí pé nǹkan yìí ti pẹ́ láyé. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá àti Erin tí a ń pa fún àwọn ọmọ wa. Ìjàpá kò fi okùn fa Erin wọ ìlú. Orin ni ó fi fà á. Ó sọ fún un pé wọ́n fẹ́ fi í jọba, ó sì ti kọ́ àwọn ará ìlú ní orin tí wọn yóò fi pàdé rẹ̀. Nígbà tí Erin gbọ́ orin kan náà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ó gbàgbé láti béèrè pé ta ni ó dá orin náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn lọ jókòó lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ bo kòtò.

Monrovia pàápàá ti rí bí èrò ṣe ń ràn kí fóònù alágbèéká tó dé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1979, ẹgbẹ́ kan tí Gabriel Baccus Matthews jẹ́ olórí rẹ̀ pe àwọn ènìyàn jáde láti lòdì sí àfikún owó ìrẹsì tí ìjọba Ààrẹ William Tolbert ń gbèrò. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de náà kò pọ̀ tó àwọn tí ó parí rẹ̀. Ó di ogunlọ́gọ̀, wọ́n fọ́ ìsọ̀, wọ́n kó ẹrù, àwọn agbófinró yìnbọn, ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ṣòfò. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ogun pa Tolbert, wọ́n sì gba ìjọba. Mo gbà gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ju òkúta ní ọjọ́ ìrẹsì yẹn ni kò jí láàárọ̀ pẹ̀lú èrò òkúta jíjù.

Ó ṣe kòńgẹ́ pé ní ọdún 1978, ọdún kan ṣáájú ìjà ìrẹsì náà, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, ti tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ìṣirò ṣàlàyé irú nǹkan báyìí. Ó ní kí a fi ojú inú wo ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní gbàgede kan. Olúkúlùkù ní iye àwọn tí ó gbọ́dọ̀ rí tí wọ́n ti ń ju òkúta kí òun náà tó jù ú. Ẹni kìn-ín-ní kò dúró de ẹnikẹ́ni. Yóò bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni kejì ń dúró de ẹnì kan, ẹni kẹta ń dúró de ẹni méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni ọgọ́rùn-ún tí ó ń dúró de ẹni mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹni kìn-ín-ní yóò jù ú, ẹni kejì yóò rí i, ẹni kẹta yóò rí àwọn méjèèjì, gbogbo gbàgede yóò sì dàrú. Wàyí o, ẹ mú ẹni kejì yẹn kúrò, kí ẹ fi ẹlòmíràn tí ó ń dúró de ẹni méjì rọ́pò rẹ̀. Ẹnì kan yóò ju òkúta, ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀lé e, gbogbo wọn yóò sì gba ilé wọn lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìròyìn ìlú àkọ́kọ́ yóò pè é ní ìlú àwọn jàǹdùkú. Yóò pe èkejì ní ìlú àlàáfíà tí wèrè kan ń gbé inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo péré ni ó yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Irú ìṣirò báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní àwòṣe. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ńlá ti lè fi amọ̀ mọ kékeré wò kí ó tó náwó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi nọ́ńbà mọ àwùjọ kékeré sínú ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí a ń pè ní kọ̀ǹpútà, wọn a fún olúkúlùkù ní èrò, wọn a jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn a sì wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Nígbà tí mo ń kàwé ní òkè òkun ni mo kọ́kọ́ rí wọn, eré ọmọdé ni mo sì kọ́kọ́ pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí ó rọrùn tí olùkọ́ ìṣirò lè ṣe lórí pátákó. Morris DeGroot ni ó gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1974. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta wà nínú yàrá kan, wọ́n ń jiyàn pé ènìyàn mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò dìbò fún olùdíje kan. Àlàbí ní 20, Àdùkẹ́ ní 50, Òjó ní 80. Bí olúkúlùkù bá fi ìwọ̀n kan náà gbọ́ ti ara rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì mú ìpíndọ́gba, ní ọ̀la gbogbo wọn yóò sọ pé 50. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ká ní Òjó ni ọ̀gá wọn, tí kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, tí àwọn méjì yòókù sì ń fi ìdajì gbọ́ ti ara wọn, tí wọ́n ń fi ìdajì gbọ́ ti Òjó. Àlàbí yóò kúrò ní 20, yóò bọ́ sí 50, yóò bọ́ sí 65, yóò bọ́ sí 72.5. Àdùkẹ́ yóò ti 50 bọ́ sí 65, sí 72.5, sí 76.25. Bí ó bá pẹ́ títí, gbogbo wọn yóò máa sọ pé 80. Kò sí ẹni tí ó lù wọ́n, kò sí ẹni tí ó fún wọn lówó. Bẹ́ẹ̀ ni Òjó kò fi ẹ̀rí kankan hàn wọ́n. Etí tí kò gbọ́ ni ó fi ṣẹ́gun etí tí ó ń gbọ́. Bí a bá sì bi Àlàbí pé ta ni ó ni 80 tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, yóò ní òun ni.

Àwọn ẹlòmíràn wá ṣe àkíyèsí pé ènìyàn kì í gbọ́ ti gbogbo ènìyàn. Guillaume Deffuant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2000, àti Rainer Hegselmann pẹ̀lú Ulrich Krause ní ọdún 2002, ṣe àwòṣe tí olúkúlùkù fi ń gbọ́ ti kìkì ẹni tí èrò rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀. Bí àyè ìgbọ́ra-ẹni bá fẹ̀, gbogbo ìlú yóò fẹnu kò. Bí ó bá há, ìlú yóò pín sí agboolé agboolé, olúkúlùkù yóò máa gbọ́ gbohùngbohùn ara rẹ̀, yóò sì máa rò pé ohùn ayé ni. Ẹni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé rẹ̀ ní àkókò ìdìbò kò nílò kọ̀ǹpútà kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé e.

Ohun tí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ orí fóònù fi kún àtijọ́ ni ìyára àti ọ̀pọ̀, àti pé ẹlòmíràn tí a kò rí ni ó ń ṣètò ohun tí ojú wa yóò kọ́kọ́ bà. Ní ọjọ́ ìdìbò ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2010 ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fi ìránnilétí ìdìbò síwájú nǹkan bí mílíọ̀nù mọ́kànlélọ́gọ́ta ènìyàn lórí Facebook. Àwọn tí wọ́n fi ojú àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí ó ti dìbò hàn sún jáde láti dìbò ju àwọn tí wọ́n kàn rán létí lásán lọ. Ìyàtọ̀ náà kéré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi í lọ mílíọ̀nù, ó di ọ̀kẹ́ àìmọye ìbò. Ẹ wá fi èyí wé ìdìbò Liberia, níbi tí ìyàtọ̀ ẹni kìíní sí ẹnì kejì kò tó ìdajì ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í sì í ṣe àwọn olùwádìí nìkan ni ó mọ ìṣirò yìí. Ní ọdún 2018, ìròyìn jáde pé ilé-iṣẹ́ Cambridge Analytica, tí ó ń fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòwò, ti ṣiṣẹ́ nínú ìdìbò tiwa ní Nàìjíríà ní ọdún 2015.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Nítorí pé bí a bá lè fi nọ́ńbà ṣírò bí èmi àti ìwọ yóò ṣe gbà gbọ́, tí ẹlòmíràn sì lè ti ìdí ẹ̀rọ yí wa padà láìjẹ́ pé a mọ̀, àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀bi kò sí mọ́. Wọn yóò ní, ‘Ṣé a ń bá ọmọ ayò wí pé ó bọ́ sí ilé kan tí kò bọ́ sí òmíràn?’ Àwọn ìjọba pàápàá ń hu irú ìwà yìí nígbà tí wọ́n bá ti ìkànnì pa, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Liberia ní ọjọ́ ìwọ́de ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2019, àti ní ilẹ̀ tiwa nígbà tí wọ́n ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀nà ni ó jẹ̀bi, arìnrìn-àjò kò jẹ̀bi.

Èmi náà ti fi irú àwáwí yìí tu ara mi nínú rí, ẹ jẹ́ kí n sì sọ ọ́ láìfi bò. Ní oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Lagos láti ara arìnrìn-àjò kan tí ó ti Liberia wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di alábẹ̀wò ilé-ìwé nígbà náà ni. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan dé sórí fóònù mi pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé ó ń dènà àrùn náà. Mo mọ̀wé tó láti mọ̀ pé kò sí ẹ̀rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mo wí nínú ara mi pé, ‘Bí kò bá wo ni sàn, ṣebí kò lè pa ni.’ Mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo olórí ilé-ìwé tí ó wà ní agbègbè mi, mo sì padà sùn.

Màmá kan wà nínú wọn, olórí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó mu ife omi iyọ̀ méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Orí bá a ṣe é, kò kú. Àwọn mìíràn kò rí orí ṣe é, nítorí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde nínú oṣù náà pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ìròyìn ní ó ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ mímu. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò, mo ní, ‘Màmá, kí ni ó mú yín gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́?’ Ó wò mí títí, ó ní, ‘Ọ̀gá, mo ti rí ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù ọmọ mi kí tiyín tó dé, mo sì fi rẹ́rìn-ín. Èmi kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́.’

Mo ti ń sọ fún ara mi títí di ọjọ́ náà pé èmi kọ́ ni mo dá irọ́ náà sílẹ̀. Òtítọ́ ni. Ẹnì kejì nínú gbàgede Granovetter náà lè búra pé òun kọ́ ni òun kọ́kọ́ ju òkúta. Ṣùgbọ́n láìsí òun, wèrè kan ṣoṣo ni ìbá wà ní ìlú náà. Màmá yìí ti dí etí rẹ̀ sí irọ́ náà nígbà tí ó dé láìní olúwa. Ipò mi àti ìwé tí mo kà ni ó fún un ní ìwọ̀n. Òjó inú ìṣirò DeGroot ni mo jẹ́, n kò sì mọ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé àwòṣe mú ẹ̀bi kúrò. Lójú mi, ńṣe ni ó fi ibi tí ẹ̀bi wà hàn wá. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà náà dáadáa. Àwòṣe kì í sọ fún wa ìdí tí ẹnì kan fi ń dúró de ẹyọ ẹnì kan, tí ẹlòmíràn sì ń dúró de àádọ́rùn-ún. Kì í sọ ìdí tí Àdùkẹ́ fi fún Òjó ní ìdajì etí rẹ̀. Ó kàn gba àwọn iye wọ̀nyí bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ṣùgbọ́n àwa mọ ibi tí wọ́n ti ń wá. Láti inú ìwà ni, láti ilé, láti ilé ìjọsìn, láti ilé-ìwé. Ohun tí onímọ̀ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ni àwọn baba wa ń pè ní sùúrù, ìfarabalẹ̀, ìtìjú àti ìgboyà.

Ìwádìí sì ti èyí lẹ́yìn. Ní ọdún 2018, Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí nǹkan bí ọ̀rọ̀ 126,000 tí ó rìn káàkiri lórí Twitter láàárín ọdún 2006 sí 2017. Wọ́n rí i pé irọ́ ń yára ju òtítọ́ lọ, ó sì ń rìn jìnnà jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé àwọn ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fúnra wọn ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ iṣẹ́ ẹ̀rọ kúrò, ìyàtọ̀ náà kò parẹ́. Ènìyàn ni ó ń fẹ́ràn irọ́, nítorí pé irọ́ máa ń jẹ́ tuntun. Bákan náà ni, nígbà ìdìbò Amẹ́ríkà ti ọdún 2020, àwọn olùwádìí dín ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fara mọ́ra kù lójú ìwé Facebook àwọn ènìyàn tí ó ju 23,000 lọ. Wọ́n retí pé ìkórìíra láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú yóò rọ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2023 fi hàn pé èrò wọn kò yí padà ní ọ̀nà tí a lè wọ̀n. Nítorí náà ẹ̀rọ lágbára, ṣùgbọ́n kò tó bí a ti ń fi í ṣe àwáwí. Níbi tí ó sì ti rọrùn láti dí ọ̀nà irọ́, ohun kékeré ni ó tó: nígbà tí WhatsApp fi òfin dè é ní oṣù kẹrin ọdún 2020 pé ọ̀rọ̀ tí ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kò gbọdọ̀ lọ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdádúró díẹ̀ ni. Bí olúkúlùkù bá lè dá irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, a kì bá tí nílò òfin ilé-iṣẹ́ kankan.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé, ‘Alábẹ̀wò, ìwà tí o ń wí yìí pàápàá, ṣé ìwọ ni o dá a? Ṣebí ẹlòmíràn ni ó kọ́ ọ.’ Ọ̀rọ̀ náà le, n kò sì ní sá fún un. Lóòótọ́, kò sí ohun tí mo mọ̀ tí n kò yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. N kò rí Stephen Benson rí, síbẹ̀ mo sọ fún yín pé ó jọba. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti yá èrò yóò kú sínú àìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí oko àgbẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó jogún oko kọ́ ni ó gbin kòkó tí ó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí koríko bá bò ó, òun ni a óò bi. Bí àgbàrá bá gba inú oko rẹ̀ lọ ba ti aládùúgbò jẹ́, òun ni a óò pè. Ríro ni ó fi sọ oko bàbá rẹ̀ di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èrò rí. Kì í di tiwa nítorí pé inú orí wa ni ó wà. Ó ń di tiwa nígbà tí a bá ti tú u wò, tí a mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ti gbà á, tí a sì ṣe tán láti dáhùn fún un bí ó bá ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá.

Ní Monrovia kan náà, ní Tubman Boulevard, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alfred Sirleaf. Ní ọdún 2000 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìròyìn sórí pátákó dúdú ní ẹ̀bá ọ̀nà, irú pátákó tí àwa olùkọ́ mọ̀ dáadáa, kí ẹni tí kò lówó ìwé ìròyìn lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sọ pátákó náà ní Daily Talk. Òun náà lè ṣì í kọ, ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn mọ ẹni tí yóò bi. Bí bàbá inú ìsọ̀ tíì bá béèrè níbẹ̀ pé, ‘Ta ni ó sọ ọ́?’ yóò rí ìdáhùn gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ibo ni èyí fi tiwa sí? Mo ti wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, mo sì ní láti sọ ohun tí mo ń rí. Olùkọ́ a sọ̀rọ̀, a béèrè pé, ‘Ṣé ó yé yín?’ gbogbo kíláàsì a sì fi ohùn kan dáhùn pé, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, sà!’ Ọmọ tí kò yé a wo ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a sì bá wọn dáhùn. Ọmọ tí ó bá ní, ‘Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe mọ̀?’ aláfojúdi ni a ń pè é, nígbà mìíràn a ó tilẹ̀ nà án. Lọ́nà yìí, láìmọ̀, a ń kọ́ wọn fún ọdún méjìlá láti máa dúró de ẹyọ ẹnì kan péré kí wọ́n tó ju òkúta, kí wọ́n sì máa fún ẹni tí ó wà ní ipò ní gbogbo etí wọn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n ń gbé irọ́ olóṣèlú kiri, a ó ní fóònù ni ó bà wọ́n jẹ́.

N kò sọ pé kí àwọn ọmọ má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bàbá tí ó béèrè ìbéèrè lórí bẹ́ǹṣì náà, àgbà ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé a lè kọ́ ọmọ láti fi ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ béèrè ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà Àlàbí, Àdùkẹ́ àti Òjó ṣe ìṣirò lórí pátákó, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí alágídí kan ṣe ń fa àwùjọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó mú ìròyìn wá sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti gbọ́ ọ. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí àwa fúnra wa bá ṣìnà, kí a dúró níwájú kíláàsì kí a sì wí pé, ‘Ohun tí mo sọ fún yín ní àná kò rí bẹ́ẹ̀.’ Èyí nira. Ní ọdún 2014, ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà mí kí n tó lè fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn olórí ilé-ìwé tí mo fi òru kan ṣoṣo tàn jẹ, ìtìjú ni ó sì fà á. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Liberia tún dìbò. Boakai ní 50.64, Weah ní 49.36. Láàárín àwọn méjèèjì, ó kù díẹ̀ kí ìlú pín sí ọgbọọgba, àwọn fóònù Òpópónà Benson sì kún fún oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Ogunlọ́gọ̀ wà ní Monrovia tí wọ́n ń wo ojú ẹnì kan kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, kí wọ́n tó ka ìbò tán, Weah bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó gbà pé òun ti fìdí rẹmi, ó sì ti kí ẹni tí ó borí. Ohunkóhun tí ènìyàn lè rò nípa ìjọba rẹ̀, ní òru ọjọ́ náà ẹni tí gbogbo wọn ń wò kò ju òkúta.

Mo máa ń rántí èyí nígbà tí fóònù mi bá dún lóru. Màmá olórí ilé-ìwé náà ti fẹ̀yìntì nísinsìnyí. A ṣì máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wa, ṣùgbọ́n kò tí ì sí ọ̀kan tí mo fi ránṣẹ́ sí i láti ìgbà náà tí kò kọ́kọ́ fi èsì kan náà dáhùn, tẹ̀ríntẹ̀rín: ‘Ọ̀gá, ta ni ó sọ ọ́?’